Early Decision ju kéèyàn tètè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni Common App, ìkànnì tí èèyàn ti lè fi fọ́ọ̀mù kan kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa ń ṣí fọ́ọ̀mù tuntun fún àwọn tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá ní high school á kọ àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ, á sì tètè lọ bá àwọn olùkọ́ tí yóò bá a kọ lẹ́tà. Ìyẹn ò le. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "early", ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ilé lọ́nà.

Early méjì ló wà, orúkọ wọn jọra bí ìbejì, ìwà wọn ò papọ̀. Ẹni tó bá ṣe Early Action kàn tètè kọ̀wé, ó tètè gbọ́ èsì ni. Ó ṣì lè rò ó títí di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Early Decision, ẹ̀jẹ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lèèyàn ń jẹ́ ẹ fún. Akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùdámọ̀ràn ilé-ìwé á fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá ti gbà á, ibẹ̀ ló ń lọ, yóò sì fagi lé gbogbo fọ́ọ̀mù tó fi sílẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ fojú ọjà wò ó. Oníbàárà dé ìsọ̀, kò tíì béèrè iye, ó ní, "Bí ẹ bá ti lè tà á fún mi, mo ti rà á." Ọlọ́jà wo ló máa dín kọ́bọ̀ fún un? Ẹni tí àpò rẹ̀ kún lè ra ọjà báyẹn. Ẹni tó ń ka owó ní láti ná an ní ìsọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀jẹ́ yìí gan-an ló sì dí i lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ti ọlọ́jà, ọgbọ́n gidi ni: kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í mọ iye ẹni tó máa wá nínú àwọn tó gbà, àmọ́ ti Early Decision dá a lójú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba ìdá tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé níbẹ̀. Kí ìdá yẹn má sì tan ẹnikẹ́ni: àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì ti mú tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ náà ní ojú ihò kan. Bí owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún un kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un láti lọ, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó dé ibẹ̀. Òfin ti pàṣẹ pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé net price calculator, ìyẹn ìṣirò tó ń fojú bu iye tí ìdílé máa san lẹ́yìn owó ìrànwọ́, sórí ìkànnì rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí òbí àti ọmọ jókòó tì í, pẹ̀lú ìwé owó-orí lọ́wọ́, kí wọ́n wo iye tó bá jáde nísàlẹ̀. Àfojúbù ni, àmọ́ ó sàn ju ìbúra lójú dídì.

Ọjọ́ 1 tàbí 15 oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ti ilẹ̀kùn early, èsì á dé láàárín oṣù kejìlá. Bó bá jẹ́ "deferred", ìyẹn ni pé wọn ò tíì gbà á, wọn ò sì kọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ́ ti tú, fọ́ọ̀mù náà á bọ́ sáàárín ti gbogbo àwọn tí kò ṣe early. Ọ̀pọ̀ ibòmíràn á sì ti ilẹ̀kùn tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ẹni tí kò tíì kọ àròkọ ti ibẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, Kérésìmesì sì wà láàárín rẹ̀.