Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé "Gbogbo Ẹ̀": Bí Láìfù Kan Ṣe Di Ti Ìkànnì Púpọ̀

Bí ẹ bá ti lọ síbi òkú àgbà ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ọmọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àlùfáà dúró sí, tó fi fóònù há orí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣe láìfù, ìyẹn láti gbé ètò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Fóònù kan wà fún Facebook, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn ìyá ìjọ wà. Òmíràn wà fún YouTube, torí ọmọ olóòkú tó wà ní Houston fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà fún Instagram, torí àwọn ọmọ-ọmọ. Ọmọkùnrin yìí á máa sáré láti ìdí ọ̀kan sí ìdí èkejì bí ẹni tó da ewúrẹ́ mẹ́ta lọ sí pápá. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi pè wá láti Kaduna: "Ẹ bá wa sọ fún un, a ò rí nǹkan kan mọ́ o!"

Nísinsìnyí, kámẹ́rà kan àti láptọ́ọ̀pù kan ti tó. Àwòrán kan náà á sì máa yọ níbi mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa kì í fi orúkọ ńlá pè é. Wọ́n á kàn bi olóòkú pé, "Ibo ni kí n gbé e sí?" Olóòkú náà á dáhùn pé, "Gbogbo ẹ̀." Ó dùn ún sọ lẹ́nu, àmọ́ ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀nà tí "gbogbo ẹ̀" yóò fi ṣeé ṣe.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni a ti mọ irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọ ilé àwọn tó bá lè sanwó ní Èkó, kí wọ́n lè máa gbọ́ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù nínú àpótí kékeré kan. Rediffusion ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Àwọn bàbá wa ní tiwọn wo àpótí náà títí, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohùn kan ló ń wọ gbogbo àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó gbọ́njú nílẹ̀ Okun nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, á rántí èyí tó tún sún mọ́ ọn. Tí aago méje àárọ̀ bá ti lù, rédíò ìpínlẹ̀ á pa ètò tirẹ̀ tì, á so mọ́ Radio Nigeria fún ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpínlẹ̀ kejì àti ìkẹta. Bàbá mi a máa yí rédíò rẹ̀ kiri lásìkò yẹn láti wá ibi tí orin wà. Ibi tó bá yí i sí, ohùn kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Á ṣépè díẹ̀, á sì jókòó gbọ́ ìròyìn.

Ohun tó mú èyí rọrùn ni pé ìjọba ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé rédíò náà. Ẹni kan ló ní kí wọ́n so ó pọ̀, wọ́n sì so ó pọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ló ni ọgbà tirẹ̀.

Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1992, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe òfin bí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ pàdé ní San Diego, wọ́n sì fi ohùn ìpàdé náà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí ibi 20 káàkiri ayé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ó yẹ ká fi ojú sí. Wọ́n ń pè é ní Mbone. Lórí Mbone, ẹyọ kan péré ni ẹni tó ń gbé ètò jáde máa fi ránṣẹ́. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló máa pín in: tí ẹyọ náà bá dé oríta, tí àwọn tó fẹ́ ẹ sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, oríta ni yóò sọ ọ́ di méjì. Ní 24 oṣù Kẹfà 1993, ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Severe Tire Damage, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n fi ń jẹun, ṣeré ní Xerox PARC, ilé ìwádìí kọ̀ǹpútà kan ní California, àwọn ènìyàn sì wò wọ́n dé Australia. Nígbà tí àwọn Rolling Stones, tí gbogbo ayé mọ̀, wá gbé díẹ̀ nínú eré tiwọn sórí Mbone láti Dallas ní oṣù Kọkànlá 1994, ẹgbẹ́ tí a sọ yìí ti gba ojú ọ̀nà ṣáájú wọn, wọ́n sì ń ṣeré tiwọn lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ta ni yóò lé wọn? Ọ̀nà náà kò ní oníbodè.

Ibi yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, torí fi-ẹyọ-kan-ránṣẹ́-kó-di-púpọ̀ tí a ń jà fún lónìí, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ilé ni kò gbà á wọlé. Ó ṣòroó bójú tó, kò sì hàn sí wọn ẹni tí yóò sanwó pínpín náà. Mbone wá di ohun ìtàn, iṣẹ́ pínpín sì kúrò lójú ọ̀nà, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé inú wọn.

Láti ìgbà yẹn ni ọgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Macromedia gbé sáfà tó lè gba fídíò láìfù jáde ní 2002, ó sì fún un ní èdè tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà á máa fi bá a sọ̀rọ̀, RTMP. Ní 2007, Justin Kan so kámẹ́rà mọ́ fìlà orí rẹ̀ ní San Francisco, ó ní kí gbogbo ayé máa wo òun tọ̀sán-tòru. Orúkọ rẹ̀ ni ìkànnì náà, Justin.tv, fi ń jẹ́. Ọdún yẹn náà ni Ustream dé. Twitch ti ara Justin.tv jáde ní 2011, YouTube náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láìfù sílẹ̀ fún àwọn oníkànnì rẹ̀ lọ́dún yẹn. Periscope dé ní oṣù Kẹta 2015. Ní oṣù Kẹrin 2016, Facebook ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ fún tẹrú tọmọ, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà sì wọ ilẹ̀ Okun dáadáa, torí kò sí ilé tí ẹnì kan ò ti ní Facebook. Ìpolówó ni àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ń tà, iye ojú tó wà nínú ọgbà sì ni ọjà wọn. Kò sí ìdí tí ẹnì kan yóò fi ṣe ilẹ̀kùn sí ọgbà ẹlòmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ló jọra láàárín wọn. Èdè RTMP yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gba fídíò wọlé: o gba àdírẹ́sì, o gba kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, tí í ṣe ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, o fi méjèèjì sínú sọ́fítíwíà rẹ, ilẹ̀kùn ṣí. Flash, sọ́fítíwíà tí búráúsà fi ń ṣí fídíò nígbà náà, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá RTMP sílẹ̀, kú ní ìparí 2020. Èdè náà kò bá a kú.

Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ilé mẹ́ta, ọgbọ́n tó kàn ni bí yóò ṣe wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Jim Bailey gbé OBS, sọ́fítíwíà tó ń gba àwòrán kámẹ́rà tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ìkànnì, jáde ní 2012 lọ́fẹ̀ẹ́, títí dòní òun ni mo sì máa ń rí lórí láptọ́ọ̀pù àwọn oníláìfù wa. Àmọ́ ẹnu kan péré ni OBS fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà kan títí ara kọ̀ǹpútà yóò fi máa gbóná bí ààrò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lo nginx, sọ́fítíwíà orí sáfà kan tí Roman Arutyunyan ṣe àfikún RTMP fún: wọ́n á gba sáfà kan, wọ́n á kọ àdírẹ́sì ìkànnì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí sáfà náà máa pín ohun tó bá wọlé. Ní 2015, Alexander Khuda àti Andrew Surzhynskyi, àwọn ọmọ Ukraine, sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa sáfà lè lò, wọ́n pè é ní Restream. Àwọn tó ń ta ayò orí kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ dù ú. StreamYard tẹ̀ lé e ní 2018. Inú búráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì ní kí o fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Owó tí ilé-iṣẹ́ Hopin fi rà á ní 2021 jẹ́ 250 mílíọ̀nù dọ́là. Iye yẹn lórí iṣẹ́ tí oríta Mbone ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó mú kó bá wa lára mu. Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba, tí wọ́n ń pè ní 720p, ń fẹ́ nǹkan bí mégábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan rẹ̀ lé díẹ̀ ní gígábáìtì 1.3. Fóònù mẹ́ta lórí ọ̀pá mẹ́ta, ó di gígábáìtì 4, mégábíìtì 9 sì ni wọn yóò máa wá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí gbogbo èrò abẹ́ kánópì ń fa dátà lára rẹ̀. Ọ̀nà àlọ ni mo ń sọ o, kì í ṣe ti àbọ̀. Dátà tó ń wọlé sínú fóònù ni wọ́n fẹ ọ̀nà fún jù. Èyí tó ń jáde lọ, ojú ọ̀nà oko ni wọ́n fún un. Tí pínpín bá wá ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí sáfà wà, ní òkèèrè níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ bí pápá, ẹyọ kan péré ni yóò gba ojú ọ̀nà oko tiwa kọjá. Àwọn kan rò pé nǹkan ìgbàlódé ìlú ńlá ni. Lójú tèmi, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró ni ó wúlò fún jù.

Ọdún 2020 ló sọ ọ́ di kàn-ń-pá. Ní 30 oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ ní kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé torí àrùn kòrónà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, wọ́n tún fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé Okun ló ń gbé Èkó, Àbújá, Kaduna àti Jos. Wọ́n ń sin ìyá wọn ní Kàbà, wọn ò lè dé Lọ́kọ́ja. Àwọn ìjọ kan ti ń fi Mixlr gbé ohùn ìwàásù jáde tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi etí nìkan sin ìyá rẹ̀? Àtìgbà yẹn ni láìfù ti wọ ìwé ìnáwó òkú, ní ìlà kan pẹ̀lú kánópì àti jẹnẹrétọ̀.

Apá tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ti èsì. Restream àti StreamYard máa ń kó ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹwòran bá kọ ní Facebook àti YouTube sójú kan. Níbi òkú kan ní Ìjùmú, mo jókòó ti oníláìfù, mò ń wo "Okun o", ìkíni ilẹ̀ wa, tó ń wọlé láti Jos, "Okun o" láti Houston, "Okun o" láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Ìlọrin tó ń béèrè ẹni tó wọ géèlè pupa. Alága ìnáwó ń kà wọ́n síta, ó ń dárúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì.

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n fi orin jùjú àtijọ́ kan sí i nígbà tí àwọn ọmọ olóòkú ń jó wọlé, ìkànnì kan sì pa ohùn ètò náà torí ẹni tó ni orin. Ìkànnì kejì ò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé kan ń wo ijó, àwọn kan ń wo odi. Ọ̀rọ̀ egúngún tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí obìnrin kì í rí, àwọn àgbà á ní ká pa kámẹ́rà, torí "gbogbo ẹ̀" kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Àwọn ọgbà náà ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Twitch, tó jẹ́ pé àdéhùn rẹ̀ ń dí àwọn alábàáṣe rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé ètò kan náà síbòmíràn, yọ̀ǹda rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí ẹni tó gbé òkú sórí Twitch. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú ọ̀run wá láti ara sátẹ́láìtì, wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún kan náà, a sì ti ń rí àwo rẹ̀ lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

Instagram ló gun orí kunkun jù. Láti 2016 tó ti ní láìfù, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé inú fóònù nìkan ló ti gbà á, kò fún kọ̀ǹpútà ní kọ́kọ́rọ́. Òró ló sì ń fẹ́ kí àwòrán wà, nígbà tí ti kámẹ́rà wà ní ìbú. Ọmọkùnrin wa ti kó ọ̀pá méjì padà sínú mọ́tò. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùfáà, fóònù kan lórí rẹ̀, ní òró, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ.