Ta Ló Fi Ìràwọ̀ Sójú Ọmọge Inú Mángà?

Ẹ ṣí ìwé mángà, ìwé ìtàn aláwòrán ti Japan, èyíkéyìí tí wọ́n yà fún àwọn ọmọbìnrin, ẹyinjú lẹ máa kọ́kọ́ rí. Á fẹ̀ rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ funfun á sì máa tàn nínú dúdú rẹ̀. Bí inú ọmọ náà bá dùn, ìràwọ̀ á pọ̀ níbẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́, ìràwọ̀ ọ̀hún á máa gbọ̀n létí omijé. Lọ́jọ́ tí ìrètí bá pin, ayàwòrán á pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà, á ku dúdú nìkan, ẹni tó ń kàwé á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kó tó ka gbólóhùn kan. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

Tí ẹ bá béèrè ibi tí ojú yìí ti wá, èsì kan náà ni wọ́n máa fún yín: Tezuka Osamu, gbajúmọ̀ ayàwòrán mángà, rí i nínú àwòrán Walt Disney, ó gbé e wá sí Japan, ó parí. Èmi ò gbà. Ìlú kan tó ń jẹ́ Takarazuka, tí kò jìnnà sí Osaka, ló ni ẹ̀tọ́ sí i, mo sì máa rò ó délẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àkájọ ìwé àwòrán ẹranko ti tẹ́ḿpìlì Kōzan-ji ní Kyoto, iṣẹ́ ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá. Ọ̀pọ̀lọ́ kan gbé ehoro ṣánlẹ̀ níbi ìjàkadì, ó la ẹnu gbàgà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Níbòmíràn, ọ̀bọ tó wọ aṣọ àlùfáà ń gbàdúrà níwájú ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó bí ère Búdà, ìlà ń jáde lẹ́nu òun náà. Èémí ni, àbí ohùn? Ó lè jẹ́ agbára tó ń hó nínú ẹni tó ṣẹ́gun. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tó ya ìlà yẹn ti mọ̀ pé ohun tí kò ṣeé rí ṣeé yà.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àkájọ ìwé tó fi àwòrán sọ ìtàn Genji, ọmọ ọba inú ìtàn àròsọ Japan kan, ti ọ̀rúndún kejìlá, tí apá kan rẹ̀ wà ní Nagoya, tí apá kan wà ní Tokyo. Ojú àwọn ọlọ́lá inú rẹ̀ jọra wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin: ìlà kan fún ẹyinjú, ìkọ́ kékeré kan fún imú. Wọ́n ṣí òrùlé kúrò lórí ilé ká lè máa wò wọ́n látòkè. Níbi tí Murasaki, olólùfẹ́ Genji, ti ń kú lọ, ẹ ò ní rí omijé lójú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ilé náà ló dàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo wọn fẹ́ yọ̀ ṣubú, atẹ́gùn sì ń tẹ koríko inú ọgbà ba. Ọgbà ló ń bá wọn sunkún. Mo fura pé ìṣe ààfin ló fa èyí. Obìnrin ọlọ́lá ayé ìgbà náà kì í jẹ́ kí ọkùnrin àjèjì rí ojú òun, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló ti ń dá a lóhùn. Ayàwòrán wo ló máa wá tú irú ojú bẹ́ẹ̀ síta? Ó ní láti wá ibòmíràn gbé ìbànújẹ́ sí. Nígbà tí òdòdó bá sì ya bo ẹ̀yìn ọmọge inú mángà torí pé olólùfẹ́ rẹ̀ wọlé, láìsí igi òdòdó kankan nítòsí, koríko ọgbà Murasaki ni mo máa ń rí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́kàn mi.

Ayàwòrán Sharaku ya ojú àwọn òṣèré kabuki, eré ìtàgé ìbílẹ̀ Japan, lọ́nà tó le ní 1794. Hokusai, ayàwòrán mìíràn, gbé ìwé tó pè ní mángà jáde ní 1814, àmọ́ àwòrán fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìtàn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọdún 1914 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lọ́dún yẹn ayàwòrán Takehisa Yumeji ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Nihonbashi, Tokyo, ó ń ta àwòrán àti bébà aláràbarà fún àwọn ọmọge. Obìnrin tó ń yà ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú ńlá, ìbànújẹ́ tí kò sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Takarazuka, àwọn ọmọbìnrin gun orí ìtàgé nígbà àkọ́kọ́.

Ìdí tí wọ́n fi gun ìtàgé máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kobayashi Ichizō ló ni ojú irin tó dé ìlú náà ní 1910, ó sì nílò èrò ọkọ̀. Ó kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ilé, omi rẹ̀ tutù jù, èrò ò wá. Wọ́n bá fi pákó bo adágún náà, àwọn òǹwòran jókòó lé e lórí, eré bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ló ń ṣe gbogbo ipa, títí kan ti ọkùnrin. Títí dòní, ọdún méjì ni wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó gun ìtàgé, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣègbéyàwó á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń kun ojú wọn gan-an: ìlà dúdú yí ìpéǹpéjú ká, irun àtọwọ́dá gígùn lórí rẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí wọn. Iná ìtàgé á wá tàn sínú ẹyinjú náà. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ?

Nakahara Jun'ichi, tó ti ń ṣe ọmọlangidi tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún Shōjo no Tomo, ìwé ìròyìn àwọn ọmọbìnrin, láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ẹyinjú tiẹ̀ tún tóbi ju ti Yumeji lọ. Àwọn ológun kórìíra ọmọge tó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ báyẹn lásìkò ogun, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1940.

Ìgbà yìí gan-an ni Tezuka ń dàgbà. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Takarazuka, ìyá rẹ̀ sì máa ń mú un lọ wo eré àwọn obìnrin náà. Nígbà tó wá ya ìtàn fún àwọn ọmọbìnrin ní 1953, kí ló yà? Ọmọ ọba obìnrin tó ń wọṣọ ọkùnrin, tó ń fi idà jà! Lóòótọ́ ó fẹ́ràn Disney, ó tiẹ̀ sọ Bambi di mángà. Àmọ́ ojú Mickey tóbi, ta ló rí ọkàn rẹ̀ níbẹ̀?

Takahashi Macoto, ayàwòrán mángà ọmọ Osaka, ló wá sọ ojú oníràwọ̀ yìí di àṣà. Nínú ìtàn oníjó ballet tó yà ní 1958, ó gbé ọmọge kan dúró látòkè ojú ewé délẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí àwòrán, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin tí wọ́n ń ya ìtàn sí. Ọmọge náà ò ṣe nǹkan kan nínú ìtàn ní ojú ewé yẹn. Aṣọ rẹ̀, òdòdó àti ìràwọ̀ ojú rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe ń ṣe é. Àwọn obìnrin bíi Hagio Moto àti Takemiya Keiko tẹ̀ síwájú láti 1970 lọ, wọ́n fọ́ àpótí náà, èrò ọkàn ń léfòó lójú ewé láìsí ohun tó yí i ká. Mángà Ikeda Riyoko nípa ààfin Versailles ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1972, Takarazuka sì gbé e sórí ìtàgé ní 1974. Ẹ gbọ́ èyí o: Hasegawa Kazuo tó darí eré náà kọ́ àwọn òṣèré ní ibi tí wọ́n máa kọjú sí láàárín ìjókòó òǹwòran, kí iná lè bọ́ sínú ẹyinjú wọn bí ìràwọ̀ inú mángà. Ìtàgé padà wá gba ohun ìní rẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn tí mángà fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn, ẹ̀kán òógùn létí orí àti iṣan tó yọ ṣọnṣọ níwájú orí ẹni tínú ń bí, gba ọ̀nà tiwọn. Ní 1999 Kurita Shigetaka kó wọn mọ́ ímójì 176 tó ṣe fún fóònù DoCoMo, ilé iṣẹ́ fóònù Japan kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí fóònù gbogbo wa.