Ìbéèrè Ni Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìmọ̀ Ọpọlọ Nílẹ̀ Wa, Kì í Ṣe Ọ̀bẹ

Lọ́jọ́ Iléyá, ní agbo ilé wa ní Ìlọrin, bàbá kékeré ló máa ń fi àáké la orí àgbò. Mo máa ń lóṣòó tì wọ́n. Bí agbárí bá ṣí, ohun funfun kan á yọ, ó rọ̀ bíi wàrà tí kò tíì gan, ara rẹ̀ sì ká bí ìfun. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé apá wo ni àgbò fi ń ríran nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó máa sọ fún ẹ ti kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa bí ìmọ̀ ọpọlọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan á ní 1962 ni, nígbà tí Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Mo júbà akọni yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo orúkọ àìsàn. Ta ló kọ́kọ́ pe àìsàn kan ní ọdẹ orí? Aláìsàn á ní nǹkan ń rìn nínú agbárí òun, ó ń dún, ó ń ta, bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹran kiri nínú igbó. Kò sí ọ̀bẹ tó lè rí ìyẹn. Ẹnìkan ló jókòó ti aláìsàn, tó bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́, tó sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Ìbéèrè náà ni wọ́n fi ya gìrì ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára warápá, tí wọ́n fi ya ẹ̀gbà sọ́tọ̀ kúrò lára túúlu. Lójú tèmi, kí Ìlọrin tó ní Ẹ́míà rárá ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn oníṣègùn Ìgbómìnà, ilẹ̀ ìyá mi. Ilẹ̀ ọdẹ ni. Ẹni tó bá mọ ìrìn ọdẹ nìkan ló lè fi àìsàn wé e.

Ẹni tó wá sọ ìbéèrè yẹn di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà àìsàn ọpọlọ, tí wọ́n bí ní 1935, ọmọ Òkèmẹ̀sí. Ọ̀ṣun tó òkun: orúkọ ńlá. Bí ẹ bá ní Èkìtì ló ni wọ́n, ẹ rántí pé àwa Ìgbómìnà àti Òkèmẹ̀sí la jọ wà nínú Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Tiwa náà ni wọ́n.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn kan wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta bí iná. Wọ́n ń rìn bí ẹni tó mutí yó, ojú wọn ń ṣú, etí wọn ń di. Ọ̀ṣúntókun bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì bá ipa sáyánáìdì níbẹ̀, májèlé tó ń bẹ lára ẹ̀gẹ́ tí kò rẹ dáadáa. Ìwádìí náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain ní 1968, gbogbo àgbáyé sì kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Ìgbò-Ọrà, wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé títí wọ́n fi yẹ nǹkan bíi 19,000 èèyàn wò. Nínú 1,000, bíi márùn-ún ló ní warápá. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n ìwádìí wọn lórí àwọn arúgbó Ìbàdàn kò kú: ní 2001 ó hàn pé iye arúgbó Yorùbá tí iyè ń rá lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni ìbéèrè yẹn ṣe wá dé Ìlọrin? Abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Yunifásítì Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ó dá dúró ní 1977. Yunifásítì Ìlọrin ló dá ètò COBES sílẹ̀, tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé abúlé kí wọ́n lè bi ará ìlú léèrè, mi ò sì lè ya ètò yẹn kúrò lára àṣà Ìgbò-Ọrà láé. Ní 2010 àwọn onímọ̀ Anátómì Yunifásítì Ìlọrin tún gbé ẹ̀gẹ́ wò, bó ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì níbi tí ọpọlọ èkúté fi ń gba ohun tí ojú rí. Ìbéèrè tí mo bi bàbá kékeré nìyẹn.

Mo wà lọ́dọ̀ àǹtí ìyá mi ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ COBES yà wá. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ láfún lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ló ń lò nínú omi. Màmá ní mẹ́ta bí oòrùn bá mú, márùn-ún bí ọyẹ́ bá dé, ẹni tó bá ń kánjú tà ló ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ta yín lálẹ́?"