Díṣì kì í kú

Lórí òrùlé ilé kan ní Mushin, díṣì mẹ́rin lè wà, kí méjì má ní wáyà lára mọ́. Tí a bá bèèrè, wọ́n á ní ó ti kú. Kí ló kú lára rẹ̀? Díṣì kò jẹ iná, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè jó. LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì tẹlifíṣọ̀n lórí apá iwájú rẹ̀, ló ń jẹ iná. Dikódà ló ń bèèrè owó oṣù. Díṣì fúnra rẹ̀ ṣì lè bá wa gba Wi-Fi láti ọ̀nà jíjìn.

Páànù òrùlé ni díṣì, ìgbì ni òjò rẹ̀, LNB ni dúrọ́ọ̀mù. Òjò rọ̀ sórí páànù, páànù kó o jọ, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Páànù ò bèèrè bóyá ayálégbé ti sanwó ilé. Tí dúrọ́ọ̀mù bá yẹ̀ díẹ̀, omi dànù nìyẹn. Àmọ́ páànù kì í rọ òjò: ẹni tó rò pé díṣì á fún òun ní íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ń tan ara rẹ̀ ni.

Lára díṣì àtijọ́, ìpẹtà sábà máa ń jẹ apá LNB dànù, ibi tó yẹ kí dúrọ́ọ̀mù wà á sì sọnù. Wíwá a ló dùn jù. A ó gé fọ́ìlì wẹ́wẹ́, a ó lẹ̀ ẹ́ káàkiri ojú díṣì, a ó gbé e kọjú sí oòrùn, gíláàsì dúdú lójú, a ó wá máa mú páálí rìn níwájú rẹ̀. Àwọn ìmọ́lẹ̀ tó fọ́nká á máa súnmọ́ra, títí wọn á fi di ojú kan. Kò ní sí láàárín gbùngbùn o, apá ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí díṣì fi ń nàró bí ẹni ń wo ilé kejì, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ló ń wò. Kí ẹnikẹ́ni má fi fọ́ìlì bò ó tán: oòrùn ọ̀sán lórí díṣì 90 sẹ̀ǹtímítà á sun páálí náà.

Ojú yẹn ni a ó so ẹ̀rọ Wi-Fi USB kékeré, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń gba Wi-Fi, mọ́. Gígùn ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ti Wi-Fi 2.4 GHz tó 12.5, nítorí náà kòtò kékeré ojú díṣì tó ń ba àwòrán jẹ́ kò ṣe Wi-Fi ní nǹkan kan. Yíyí i sójú ọ̀nà náà rọrùn ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó lè gba Wi-Fi ilé tó wà lópin àdúgbò, tí ilé alájà mẹ́rin kò bá dí i lójú. Wáyà USB kò gbọdọ̀ ju mítà 5 lọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé gan-an, kí wọ́n sì ti fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ náà kí òjò oṣù kẹfà tó dé.