Ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ píkọ́ọ̀pù tuntun ní Kétu?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ra àgbàdo káàkiri àwọn abúlé Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ń kó o lọ tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), fẹ́ ra Toyota Hilux tuntun. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni wọ́n kà fún wọn: 2.7 tó ń mu ẹ̀sáńsì, ìyẹn bẹntiróòlù, pẹ̀lú 2.4 àti 2.8 tó ń mu gásóìlì. Orí wọn dàrú. Ìbéèrè wọn àti èsì mi rèé.

Ṣé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ló lágbára jù?

Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ bí àyè inú ẹ́ńjìnnì ṣe tó ní lítà ni. Ní agbára ẹṣin, 2.7 ẹlẹ́sáńsì ju 2.4 onígásóìlì lọ díẹ̀: ó lé ní 160, 2.4 wà ní bíi 150. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù ni yín, agbára ìfà ló kàn yín, èyí tí wọ́n ń kọ Nm sí nídìí nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tó mọ eré sá yàtọ̀ sí ẹni tó lè gbé ọlọ. 2.7 ní bíi Nm 245, 2.4 lè dé 400, 2.8 tó jáde láti ọdún 2020 ń dé 500. Ìgbà tí 2.7 bá ń yí bíi 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kí agbára ìfà rẹ̀ tó pé, 2.8 ti fi gbogbo tirẹ̀ hàn ní 1,600.

Ohun tó fà á ni pé ẹ́ńjìnnì gásóìlì kì í lo bùjí, ìyẹn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Tọ́bò á rọ́ afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fún un pọ̀ ní ìlọ́po bíi 15 (ti ẹ̀sáńsì kò ju bíi 10 lọ), afẹ́fẹ́ náà á gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀. Ohun kan náà ni kì í jẹ́ kó mu epo púpọ̀.

Kí n kúkú ra 2.8, kí n lè kó àpò púpọ̀ sí i?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì, táyà àti bíréèkì ló ń sọ ìwọ̀n ẹrù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bíi tọ́ọ̀nù kan ni Hilux ń gbé, ìbáà jẹ́ 2.4 tàbí 2.8. Àpò àgbàdo oníkìlò 100 mẹ́wàá nìyẹn, ẹ ò sì tíì yọ ìwọ̀n ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú. (Mo mọ̀ pé àpò ogún lẹ máa dì sí i. Mo ti sọ tèmi.) Ẹni tó bá ń fa ọkọ̀ mìíràn sẹ́yìn ni 2.8 yẹ. Ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́ lé ní kìlómítà 100, ṣùgbọ́n kò sí òkè ńlá kankan níbẹ̀.

Nígbà òjò ńkọ́, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí?

Amọ̀ dúdú yẹn kò mọ Nm. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tó ní jíà kékeré, pẹ̀lú táyà tí ojú rẹ̀ jìn, ló ń jáde níbẹ̀. Owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára 2.8, ẹ fi ra ìyẹn.

Nígbà náà, 2.4 ni?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: níbo lẹ ti ń ra epo? Èyí ló ju gbogbo ìyókù lọ, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ẹ́ńjìnnì gásóìlì ìsinsìnyí ń fi agbára tó ju bar 2,000 lọ ti epo gba ihò tó tín-ín-rín bí irun orí; táyà yín kò ju bar 2 tàbí 3 lọ. Omi díẹ̀ tàbí iyanrìn díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà, ihò yẹn bàjẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè jẹ èrè ọjà yín tán. Bí ẹ bá lè máa rà á nílé epo gidi, kí ẹ máa rọ ọkọ̀ kún kí ẹ tó wọ oko, 2.4 ni kí ẹ mú, kí ẹ má wẹ̀yìn.

Bí kpayo, ẹ̀sáńsì tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà, ló bá jẹ́ ìrètí yín, 2.7 á fara dà á jù, mẹkáníìkì tó bá mọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáńsì á sì rí i ṣe. Ṣùgbọ́n á mu epo. Látìgbà tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Faransé. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ béèrè nípa àsẹ́ èéfín tó wà nínú sálẹ́ńsà rẹ̀. Gásóìlì Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ láti ọdún 2009. Àsẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbóná dé bíi dígíríì 600 kí ẹ̀ẹ́dú inú rẹ̀ tó jóná. Ọkọ̀ tó ń dúró ní abúlé kan dé èkejì kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àsẹ́ á dí, ọkọ̀ á sì kọ̀ láti sáré. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa ni kí ẹ rà.

Kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi fílítà gásóìlì hàn yín, àti ibi tí wọ́n ti ń tú omi kúrò nídìí rẹ̀. Kí wọ́n tú u lójú yín, kí dẹ́rẹ́bà yín náà sì tú u kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.