Ẹni tó ní "mo kábàámọ̀" kò tíì tọrọ àforíjì

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí wa ló ta ilẹ̀ tí a kò tíì pín, ó sì ti náwó rẹ̀ tán kó tó di pé a gbọ́. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí. Ó jókòó, ó dorí kodò, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo kábàámọ̀ o." Inú àwa ọ̀dọ́ rọ̀, a ní ó ti gbà pé òun ṣẹ̀. Ìyá àgbà kan ni kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Kí lo kábàámọ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Pé mo tà á lọ́pọ̀."

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àbámọ̀ àti ìrònúpìwàdà, ọ̀kan náà ni. Pé tí ẹnìkan bá ti sunkún àbámọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Odindi gbólóhùn ló sùn sínú rẹ̀: "à bá mọ̀". À bá ti mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyí, a kì bá dá a láṣà. Ìmọ̀ tó pẹ́ dé ló ń sọ, kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè kábàámọ̀ oore. Ẹni tó yá ọ̀rẹ́ lówó tí ọ̀rẹ́ ń sá fún un á ní òun kábàámọ̀ pé òun ṣàánú. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Olè tí wọ́n mú náà ń géka àbámọ̀ jẹ. Ó lè jẹ́ ojú fèrèsé tó gbà wọlé nìkan ló ń dùn ún. "Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe": ohun tó ti bọ́ ni òwe yẹn ń sọ, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi.

Ìrònúpìwàdà ní tirẹ̀, ronú, kí o pa ìwà dà. Iṣẹ́ ṣì wà níwájú. Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi ń wàásù kọ́ ni wọ́n lò fún Júdásì nínú Mátíù 27:3. Júdásì dá 30 owó fàdákà padà, ó tilẹ̀ jẹ́wọ́, ó wá lọ pokùnso. Tí wọ́n bá ní kí n tú tirẹ̀ sí Yorùbá, àbámọ̀ ni mo máa kọ. Àwọn Mùsùlùmí ní túúbá, tí a mú láti inú èdè Lárúbáwá. Àwọn áfáà á sọ fún yín pé àbámọ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá dúró: kí èèyàn jáwọ́, kó pinnu pé òun ò padà síbẹ̀ mọ́, tó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló jẹ, kó dá a padà.

Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò tún wá dá kún un. "Ìjọba kábàámọ̀ ìjàǹbá náà." Ṣé ìjọba ló wa ọkọ̀ ọ̀hún ni? Ó dun ìjọba, tàbí ìjọba bá ẹbí kẹ́dùn, ló yẹ kí wọ́n wí. Pẹ̀lẹ́ náà ń jìyà irú èyí. À ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ní pẹ̀lẹ́, àwa kọ́ la gbé òkúta síbẹ̀. Tí ẹ bá wá fọ́ àwo oníàwo, pẹ̀lẹ́ nìkan ò tó.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa pẹ́ o. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ló wá sílé ìyá àgbà yẹn ní ìdájí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, owó díẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Kò dárúkọ àbámọ̀ rárá. Màmá ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní kó dìde.