Bàbá kú tán, ó tún ń pàṣẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwo Opeth kan

Ẹ̀rọ tí a ń kì bọ etí nìkan ni mo fi máa ń gbọ́ àwo orin yìí, ti ẹgbẹ́ olórin Opeth, bí mo bá ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádó-Èkìtì. Ọjọ́ tí mo jẹ́ kó jáde síta ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló béèrè díẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ mi béèrè díẹ̀, àbúrò ìyá mi ló béèrè èyí tó le jù.

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pè é?

The Last Will and Testament, ìyẹn ìwé ìhágún. Ẹgbẹ́ Opeth láti Sweden ló gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Orin mẹ́jọ ni. Méje àkọ́kọ́ kò lórúkọ: àmì ìpínrọ̀ tí àwọn lọ́yà ń lò ni wọ́n fi dá wọn mọ̀, §1 títí dé §7, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka ìwé náà sétí mọ̀lẹ́bí. Ìkẹjọ nìkan ló lórúkọ, n óò padà dé ibẹ̀.

Ta ló ń fún ọkùnrin yẹn lọ́rùn?

Ìbéèrè àbúrò ìyá mi nìyẹn. Mikael Åkerfeldt lorúkọ ẹni tó ń kọrin, ara rẹ̀ sì le koko. Láti ikùn ni èémí náà ti ń wá, ẹran tó wà lókè okùn ohùn ló sì ń gbọ̀n. Ẹni tó bá kàn fi ọ̀fun pariwo, ohùn rẹ̀ á há kí orin kan tó parí. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní death metal. Florida l'Amẹ́ríkà wà lára ibi tó ti gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1985, ọ̀rọ̀ ikú ló sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Èyí tí mo sọ fún Àǹtí kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ṣé wọ́n rántí ohùn eégún? Wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá dàgbà sí ìlú tí eégún ti ń jáde mọ̀ pé ará ọ̀run kì í fohùn ará ayé sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ a máa kùn, a sì máa há, kí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Òkú ló ń pàṣẹ nínú àwo yìí. Kí èyí tó jáde, ọdún 2008 ni Opeth ti gbé àwo jáde kẹ́yìn pẹ̀lú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìtàn kan òkú ni Åkerfeldt tó gbé e padà. Lójú tèmi, ohùn mìíràn kò ní bá a mu.

Kí wá ni progressive tí wọ́n máa ń fi kún orúkọ irú orin Opeth?

Orin tí kì í jókòó síbì kan. Ìlù á yí padà lójijì, ariwo á dákẹ́, fèrè á wọlé. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà 1970 ni Opeth ti kọ́ ọ, Ian Anderson ti Jethro Tull, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ náà, sì fọn fèrè nínú àwo yìí, ó tún sọ̀rọ̀. (Àwa ará Èkìtì kì í ṣàlàyé ohun méjì tó pàdé láì dárúkọ Ìkọ́gòsí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Mo ti kó ara mi níjàánu.)

Ìtàn wo ló wà níbẹ̀?

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n tú u, kó dúró níbí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, bàbá olówó kan kú. Wọ́n pe ọmọ mẹ́ta jọ láti gbọ́ ìwé rẹ̀: ìbejì, àti ọmọbìnrin kan tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà. Ó ń ya àwọn ìbejì lẹ́nu pé kí ni tọ̀hún ń wá níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣí ìwé ni àṣírí ń tú: àwọn ìbejì kì í ṣe ọmọ tó ti ara bàbá jáde. Ọmọ tí ìránṣẹ́bìnrin bí ni ọmọbìnrin yẹn, òun ni bàbá sì kó gbogbo ogún fún.

Iṣẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo sọ èyí. Ọmọṣẹ́ mi kan ní kí wọ́n pín in ní ìdí igi, kí ilé ìyá kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Èkejì ní orí-ò-jorí ló tọ́, kí kálukú gba ìpín tirẹ̀. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ níbi tí a kò ti mọ ta ni ọmọ bàbá. Àǹtí ní ìyá ló mọ bàbá ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì sún mọ́ ìdí àwo náà ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ṣé n kò lè gbọ́ ẹyọ kan péré?

O lè gbọ́ ọ, àmọ́ wàá ṣì í gbọ́. Ebenezer Obey sọ ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tán nínú orin kan ṣoṣo. Ìtàn ti Opeth gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí o bá lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹjọ, A Story Never Told, wàá rò pé orin ìfẹ́ ni: ó tutù, kò sí ohùn eégún níbẹ̀ rárá.

Kí ló dé tó fi tutù bẹ́ẹ̀?

Òkú ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti jogún ilé. Lẹ́tà kan wá dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀: bàbá olówó yẹn kì í ṣe bàbá ọmọbìnrin náà pẹ̀lú.